Ìwé Ìwọ̀n Títíladé

"Mọ́mì, ẹ mí síta," ni Títíladé wí. "Ẹ má fa ikùn sínú."

"Mo ti mí síta tipẹ́," ni Màmá Josiah dáhùn.

Títíladé tún fa téèpù yí àyà wọn ká. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi àtàǹpàkò di ojú ibi tí téèpù ti pàdé mú, ó sì tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà bí ẹni tó ń ka ìwé ilé-ẹjọ́. Ínṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Nígbà ọdún Àjíǹde èṣí, ínṣì méjìlélógójì ni ìyá yìí jẹ́. Títíladé rántí dáadáa, torí pé àwọn méjèèjì fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà, pé ṣọ́ọ̀ṣì á ní láti fẹ ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ tún ti fọn sí i o."

"Mò ń ṣọ́ ẹnu mi ni. Wọ́n ní ọjọ́ orí mi ò fẹ́ oúnjẹ tó wúwo mọ́. Bá mi dín aṣọ yìí níbi ìbàdí, kí o dín apá rẹ̀ náà. N ò fẹ́ kí ó máa fì lára mi bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn."

"Àbí abẹ́rẹ́ tó ń mú èèyàn fọn yẹn lẹ ń gbà?"

Màmá Josiah rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àgbà kì í kó gbogbo ẹjọ́ inú rẹ̀ fún aránṣọ. Tí o bá gé e tán, kó àjákù rẹ̀ fún mi. Má sọ ọ́ nù."

Èèyàn kì í bá Màmá Josiah jiyàn ní Ìrókò. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ṣe tísà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó mọ̀wé kọ nínú ìlú náà tí pàṣán wọn kò bà rí. Nígbà tí ìyá Títíladé kú, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Títí, ọ̀dọ̀ wọn ló sì gbé títí ó fi kọ́ iṣẹ́ aránṣọ tán. Àwọn ni wọ́n ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle tó fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà fún un, tí wọ́n sì fi rúlà fa ilà sí ojú-ewé àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí Títíladé fẹ́ràn tó wọn láyé, àfi Múyì ọmọ rẹ̀ nìkan.

Ìwé yẹn ló ṣí lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní ojú-ewé tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, ìtàn ìlú ló ń kà níbẹ̀: ẹni tó lóyún, ẹni tó bímọ tán tí ara rẹ̀ ò padà sípò, ẹni tí ọkọ rẹ̀ rówó, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ara èèyàn a máa fẹ̀, a sì máa súnkì. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́fà, ibì kan náà ni gbogbo ojú-ewé ń kọrí sí. Ó ṣí ti ìyàwó Fámákinwá, ó dín. Ó ṣí ti Ọ̀ṣunwùnmí, ó dín. Ó ṣí ogójì ojú-ewé, kò rí ẹyọ kan ṣoṣo tó gòkè, orí rẹ̀ sì wú.

Ká ní ẹlòmíràn ni, ẹ̀rù ì bá bà á. Ẹ̀rù ba òun náà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó mọ̀, tàbí tó rò pé òun mọ̀, ẹnu Olúyínká ló sì ti gbọ́ ọ.

Olúyínká, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń gbé ní Adégbayì nígboro. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò yé Títíladé títí di òní, àfi pé orí fóònù ló ti ń ṣe é. Ó ń bá àwọn èèyàn ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun, ó sì ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Inú oṣù kejì ló wá sí Ìrókò, ó jókòó sórí àpótí níwájú máṣíìnì, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ àṣírí.

"Àǹtí, ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn olówó ayé ń wá báyìí?"

"Owó sí i ni."

"Rárá o. Wọ́n fẹ́ fọn. Sísanra ti di àìsàn lọ́dọ̀ wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì ti ṣe abẹ́rẹ́ sí i. Tí èèyàn bá ń gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ebi ò ní fi bẹ́ẹ̀ pa á mọ́. Oúnjẹ á wà níwájú rẹ̀, kò ní wù ú jẹ."

Títíladé rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Èèyàn á fowó ra kí ebi má pa òun? Yínká, àwọn bàbá wa tó ń roko ní Ìrókò yìí, kí ebi má baà pa wọ́n náà ni wọ́n ṣe ń ro ó."

"Ẹ máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn tó tètè ra ìpín níbẹ̀ ti kọ́lé. Òmíràn tún ń bọ̀ lẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe oníhóró, tí èèyàn á kàn fi omi gbé mì. Wọ́n ń dán an wò lára àwọn èèyàn lọ́wọ́lọ́wọ́. Tí èsì rẹ̀ bá jáde tó sì dára, owó ẹni tó bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú lè di ìlọ́po mẹ́ta."

"Tí kò bá wá dára ńkọ́?"

Olúyínká họ orí. "Owó náà lè lọ sílẹ̀, n ò ní purọ́ fún yín. Ìdókòwò ni, kì í ṣe ìlérí Ọlọ́run."

Owó tí Títíladé ní, owó ṣọ́ọ̀bù ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tọ́jú rẹ̀, kí òun lè gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Adégbayì, létí títì Ifẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń rán aṣọ gidi, kí òun sì bọ́ lọ́wọ́ aṣọ lílẹ̀. Kò fún Olúyínká lésì lọ́jọ́ náà. Ìwé ìwọ̀n ló wá fún un lésì. Bó ṣe ń ṣí i lóṣooṣù, tó ń rí i tí nọ́ńbà ń já wálẹ̀, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ náà ti dé Ìrókò. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ló ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyá wọn, kò sì sí ìyá tó máa sọ. Bó bá bi wọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi dá a lóhùn. "Dáyẹ́tì ni mò ń ṣe," ni ìyàwó Fámákinwá wí. "Mo kàn ní kí n dín ara kù ni," ni Ọ̀ṣunwùnmí wí, ẹni tó bá Títíladé jà nígbà kan torí pé ó rán aṣọ tí kò jẹ́ kí ìdí rẹ̀ hàn.

Ohun tó wá mú kó dá a lójú jù ni odó. Ṣọ́ọ̀bù Títíladé wà létí títì, ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó jìnnà díẹ̀ sí inú ìlú, ṣùgbọ́n ohùn odó kì í ṣe ohun tó ń fara pamọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, odó á bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti agboolé dé agboolé. Gbì, gbì, gbì. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kò dún. Àwọn èèyàn tó ń gúnyán lójoojúmọ́ tí wọ́n tún ń fọn lójoojúmọ́, oògùn wo ló tún lágbára tó báyẹn? Ó pe Olúyínká, ó sọ fún un.

"Ẹ ò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́," ni Olúyínká wí. Kò sí èyí tó bi ara rẹ̀ léèrè nínú àwọn méjèèjì pé bí ebi ò bá pa àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ́, kí ni wọ́n ń gúnyán sí. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Títíladé kó gbogbo owó ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́, wọ́n fi ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ oníhóró.

Láti ìgbà náà, kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, á ti wo fóònù. Nọ́ńbà ibẹ̀ ń gòkè. Lẹ́yìn náà á ṣí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà á gbé aṣọ wá kí ó bá òun dín in, nọ́ńbà inú ìwé á sọ̀kalẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ó ń dùn mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bákan. Lọ́jọ́ kan, ó wọn Ọ̀ṣunwùnmí, ínṣì méjì ti lọ lára rẹ̀ láàárín oṣù kan. Bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni fóònù dún, Olúyínká ló ní kí ó wò ó, pé owó rẹ̀ tún ti lé sí i. Ó wá dà bí ẹni pé ara àwọn èèyàn yìí ló ń wọ inú fóònù náà lọ. Ó lé èrò náà dànù, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Èrò náà ò lọ.

Àwọn nǹkan mìíràn náà wà tí kò yé e. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ìjọ bá dìde láti kọrin, aṣọ ló máa kọ́kọ́ rí, kó tó wá rí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ ìlú, tí wọ́n máa ń dúró de èèpo iṣu lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ti kó wá sétí títì, bébà ni wọ́n ń jẹ. Odó á máa dún, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ wá láti inú ìlú, kò ní gbé òórùn oúnjẹ kankan wá.

Ọjọ́bọ̀ ló parí aṣọ Màmá Josiah. Èsì oògùn oníhóró náà máa jáde lọ́jọ́ kejì, Olúyínká sì ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí ó fọkàn balẹ̀. Ó ká aṣọ náà sínú ọ̀rá, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn lọ fi jíṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó ṣe ń wọ inú ìlú, odó ń dún lọ́tùn-ún, ó ń dún lósì, kò sì pàdé ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ilẹ̀kùn iwájú ilé Màmá Josiah wà ní títì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, torí pé ó gbọ́ odó tiwọn náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ́kàn pé ẹni tí wọ́n ní kí ó má jẹ oúnjẹ tó wúwo ló ń gúnyán yìí.

Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbé ọmọ odó sókè, wọ́n jẹ́ kí ó já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sinmi, wọ́n tún gbé e. Wọ́n ń kà á lábẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ohùn tísà. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Méjìdínlọ́gbọ̀n." Kò sí ìkòkò lórí ààrò. Eérú ibẹ̀ ti dì, aláǹtakùn ti ta òwú sí ẹnu rẹ̀. Kò sí èèpo iṣu nílẹ̀.

Títíladé na ọrùn wo inú odó. Àjákù aṣọ ni wọ́n ṣẹ́ po síbẹ̀, léèsì aláwọ̀ aró tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé kúrò lára aṣọ wọn lóṣù kejì, àti èyí tó gé lóṣù kẹrin, kí odó má baà dún bí odó òfìfo, kí ará ilé kejì lè rò pé iṣu ló wà nínú rẹ̀.

Ó fẹ́ pè wọ́n, kò pè. Ó mọ ìyá tó tọ́ ọ. Bí wọ́n bá yíjú padà tí wọ́n rí i níbẹ̀, wọn ò ní tẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ títí wọn ó fi kú, ẹni tó bá sì mọ ìwọ̀n bíi tirẹ̀ mọ̀ pé ikú náà ò jìnnà mọ́. Ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó fi mọ́ àyà kí ó lè dákẹ́, ó sì rọra fẹ̀yìn rìn jáde.

Ó dúró láàárín ìlú, ó tẹ́tí. Odó tí iṣu wà nínú rẹ̀ máa ń yí ohùn padà: á kọ́kọ́ le, á wá rọ̀, iyán á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́. Àwọn odó wọ̀nyí ò yí ohùn padà. Ohùn kan náà ló ń ti ilé Fámákinwá wá, ohùn kan náà ló ń ti agboolé Ọ̀ṣunwùnmí wá, àti láti àwọn ilé tí kò tilẹ̀ mọ onílé wọn. Gbogbo ìlú ló ń gún àkísà. Ẹ̀rù bà á débi pé ó sáré, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, kò sì dúró títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Hasanat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta gààrí àti ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Kò tíì ròyìn tán tí Hasanat fi gbé ojú kúrò lójú rẹ̀.

"O mọ̀," ni Títíladé wí.

"Ìyá Múyì, ta ni ò mọ̀? Ẹni tó ń ra kóńgò gààrí mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ife kan ló ń rà báyìí. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti wà lójú ọ̀nà oko, ta ló tún dé oko ọ̀nà jíjìn? Iṣu èṣí wà níbẹ̀ tó jẹrà mọ́lẹ̀. Èyí tó bá wà ní ọjà Ṣáṣá, ta ló lówó rẹ̀? Owó ìfẹ̀yìntì Màmá Josiah ò lè ra iṣu mẹ́fà lóṣù."

"Dáyẹ́tì ni wọ́n ń pè é fún mi."

"Kí lo fẹ́ kí wọ́n pè é? Kí ìyàwó àgbẹ̀ wá sọ fún aránṣọ pé ebi ń pa òun, ní Ìrókò? Ìwọ lo gbé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ wá, tí ò ń bi wọ́n pé ṣé òun ni wọ́n ń gbà. O fún wọn ní irọ́ tó dára, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Títíladé jókòó sórí àpò ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Oṣù mẹ́fà ló fi ń fi téèpù wọn ebi, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ínṣì ní ínṣì, tó sì ń dunnú sí i.

"Odó yẹn ńkọ́?"

"Ilé kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé kejì gbọ́ odó, tiwọn ò dún, ojú tì wọ́n, àwọn náà gbé ọmọ odó. Kò sí ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ pé ilé tòun ló dákẹ́." Hasanat fi ife tẹ́ ojú gààrí rẹ̀. "Èmi náà ti gún un rí."

"Mo máa gbé oúnjẹ lọ fún Màmá Josiah nísinsìnyí."

"Tí o bá gbé e lọ torí pé ebi ń pa wọ́n, wọ́n á gbà á, wọ́n á dúpẹ́, ajá ló máa jẹ ẹ́, wọn ò sì ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ní wọ́n fi nǹkan hàn ọ́ lójú àlá, pé kí o ṣe sàráà, ta ló máa kọ̀? Ẹni tó bá jẹ sàráà rẹ, òun ló ṣe ọ́ lóore. Kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ."

"Sàráà ọjọ́ mélòó?"

"Iye tí àlá rẹ bá sọ ni," ni Hasanat dáhùn, kò sì rẹ́rìn-ín.

Owó tó wà lọ́wọ́ Títíladé kò lè ju iṣu ọjọ́ mẹ́ta lọ. Èyí tó kù wà nínú fóònù. Ó pe Olúyínká.

"Àǹtí, mo fẹ́ pè yín ni. Ó tún ti gòkè lónìí. Ọ̀la là ń dúró dè."

"Tà á."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ta gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n tó pa ọjà wọn dé lọ́hùn-ún."

Olúyínká gbé ohùn sókè. "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan nípa ilé-iṣẹ́ náà ni? Ẹ̀yin lẹ ní abẹ́rẹ́ ti dé Ìrókò."

"Abẹ́rẹ́ kankan ò dé Ìrókò. Ebi ló dé. Mo ṣi nọ́ńbà kà."

Olúyínká rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àǹtí mi, kò kan ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn tó máa ra oògùn wọn ò mọ Ìrókò. Tí èsì bá dára lọ́la, ẹ máa gba ṣọ́ọ̀bù Adégbayì, èyí tó máa ṣẹ́kù á tó bọ́ gbogbo ìlú fún ọdún kan. Ọjọ́ kan péré ni mo ní kí ẹ dúró."

Òótọ́ ni ọmọ náà ń sọ, Títíladé sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó rí ṣọ́ọ̀bù náà lójú ọkàn rẹ̀, ilẹ̀kùn onígíláàsì rẹ̀, orúkọ Múyì lókè rẹ̀. Ó wù ú débi pé omi jáde lójú rẹ̀.

"Tí kò bá wá dára ńkọ́, Yínká?"

Olúyínká tún ní ọjọ́ kan péré ni òun wí.

"N ò lè fi oúnjẹ ẹni tí ebi ń pa ta tẹ́tẹ́," ni Títíladé wí. "Bá mi tà á."

Olúyínká tà á lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ọ́, kí owó ìpín náà tó dé, Títíladé kó owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ ra iṣu ní Ṣáṣá. Lọ́sàn-án, Olúyínká fi èsì ilé-iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí i. Ó rí i tí fóònù tàn, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ń bá iṣu kíkà lọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ibẹ̀ ni Màmá Josiah ti wọlé wá gba aṣọ wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo òkìtì iṣu tó gba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan.

"Kí ni gbogbo iṣu yìí, Títí? Ṣé o fẹ́ gbé ìyàwó ni?"

Títíladé kúnlẹ̀. "Mọ́mì, àlá kan ni mo lá. Wọ́n ní kí n máa ṣe sàráà fún ìlú nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́, títí iṣu tuntun á fi dé. Wọ́n ní tí àwọn àgbà ò bá jẹ ẹ́, kò ní dáa fún mi. Mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́."

"Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń ṣe sàráà?"

"Ẹ pè é ní ìdúpẹ́, Mọ́mì."

Wọ́n fi ojú tísà wò ó, ojú ẹni tó ń mọ irọ́ ọmọ ilé-ìwé kó tó la ẹnu. "Kí lo rí lójú àlá náà?"

Títíladé ò múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ó wolẹ̀. "Odó ni mo rí, Mọ́mì. Gbogbo odó ìlú yìí ń dún, mo sì rí ohun tó wà nínú wọn. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Màmá Josiah wo òkìtì iṣu náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n fa ọrùn aṣọ wọn sókè sí èjìká, ó tún yọ̀ wálẹ̀, wọn ò fà á mọ́. Ọkọ̀ kan kọjá lórí títì, òmíràn tún kọjá. Títíladé wà lórí eékún rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Agogo mélòó ni kí n wá?" ni wọ́n wí.